Onílẹ̀, Àlejò, Agbàlẹ̀dáko: Èdè-Ìperí inú Ìwé Ilẹ̀ ní Ìbàràpá

Lára ògiri ilé àti lórí ilẹ̀ òfìfo ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá ni ènìyàn ti í rí àkọlé náà pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe títà, kí gbogbo ènìyàn ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀. Gbólóhùn náà dàbí èyí tí kò ní àbùlà, ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ òfin bá dúró tì í, yóò rí i pé ìjà wà nínú rẹ̀. Ta ni ó ni ilẹ̀ tí ó fi lè tà á, tàbí tí ó fi lè kọ̀ láti tà á? Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, èyí tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà ibẹ̀, pé kí ó máa bójú tó o fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, ẹ̀tọ́ láti wà lórí ilẹ̀ kí ènìyàn sì lò ó ni òfin mọ̀, òun sì ni ìwé tí àwọn ènìyàn ń pè ní C of O ń jẹ́rìí sí.

Orúkọ tí yóò bá ẹ̀tọ́ yìí mu ni ìṣòro àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá pè é ní ìní, wọ́n ti fún ènìyàn ní ohun tí òfin kò fún un. Bí wọ́n bá pè é ní ìgbélẹ̀, kò bá ìgbésí ayé Ìbàràpá mu, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Igbó-Ọrà àti Èrúwà ni ó jẹ́ pé ìlú ni ilé wọn wà, tí oko sì jìn sí wọn. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ìgbàlò. Ó dùn létí, àmọ́ ẹni tí ó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ó gbà á lò. Ìdílé tí baba ńlá wọn fi àdá ṣán igbó náà kò ní í tẹ̀ka sí ìwé tí ó sọ pé ńṣe ni wọ́n tọrọ ilẹ̀ wọn. Òfin náà pàápàá mọ èyí. Abala 36 rẹ̀ fi ẹni tí ó ti ń dáko tẹ́lẹ̀ ní ìgbèríko sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó fún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni “bí ẹni pé”, òun ni ó sì ru gbogbo ẹrù náà. Olùtumọ̀ tí ó bá fò ó ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ̀tọ́ ìlòlẹ̀ ni ó sàn jù, nítorí pé ó sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe láìdá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fún un.

Onílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò rọrùn tó bí ó ti dún lẹ́nu. Mófíìmù oní- kò fi gbogbo ìgbà tọ́ka sí ìní. Onímọ́tò lè máà ní ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, ẹni tí ó bá sì kígbe lẹ́nu ọ̀nà pé “Àgò onílé o!” ń kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nílé, ìbáà ṣe ayálégbé. Ní ti ilẹ̀, ṣùgbọ́n, àṣà ti so onílẹ̀ mọ́ ìdílé tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ilé ẹjọ́ sì ti gbè é lẹ́yìn. Òfin 1978 ya ẹni tí ẹ̀tọ́ ìlòlẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn wà lórí ilẹ̀, ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì yìí sì wà lára ohun tí ó gbé ẹjọ́ Abioye àti Yakubu dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọdún 1991, àwọn adájọ́ pinnu pé òfin náà kò sọ ẹni tí ó gba ilẹ̀ dáko lábẹ́ àṣà di onílẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1921, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbọ́ ẹjọ́ Olóyè Olúwa ti Èkó lórí ilẹ̀ Àpápá, Adájọ́ Haldane ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi agídí wọ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní aṣọ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ìkìlọ̀ náà kan ẹni tí ń túmọ̀ padà sí Yorùbá pẹ̀lú.

Orúkọ ẹnìkejì onílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Àlejò ni wọ́n sábà máa ń pè é, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ sì ni ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò ní ọjọ́ ìparí: ọmọ àlejò àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí. Bí inú bá sì bàjẹ́, àlejò a di àjòjì, àjòjì a di àtọ̀húnrìnwá. Ìbàràpá ti rí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn ìpànìyàn àti ìjínigbé tí ó lé àgbẹ̀ kúrò lóko, Sunday Ìgbòho fún àwọn Fúlàní ní Ìgàngàn ní gbèdéke ọjọ́ méje láti kúrò, ilé olórí wọn sì jóná. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì sun dúkìá. Èdè-ìperí kọ́ ni ó fa èyí. Síbẹ̀, lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ta ni yóò kọ “gáà” sínú àpèjúwe ilẹ̀ bí ẹni kọ “ọgbà” tàbí “abà”? Ọ̀rọ̀ Fúlàní mìíràn fún ibùdó, ruga, ti bá irú rẹ̀ pàdé: nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi í pe ètò ìdásílẹ̀ ibùdó darandaran ní ọdún 2019, àtakò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ètò náà dúró ní oṣù Keje.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, àríyànjiyàn lórí orúkọ yàrá fúyẹ́ díẹ̀. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́ǹtì ilé ní Houston, Amẹ́ríkà, pa orúkọ “yàrá ọ̀gá” tì nínú àpèjúwe ilé, nítorí pé ó ń rán àwọn kan létí ìgbà ẹrú. Nàìjíríà ní tirẹ̀: àgbàlagbà ọkùnrin ni àwọn òyìnbó amúnisìn ń pè ní ọmọdé nígbà tí wọ́n sọ ilé ẹ̀yìn lórúkọ tí wọ́n ń gé kúrú sí BQ títí di òní. “Ilé ọmọ-ọ̀dọ̀” kò wo ọgbẹ́ náà sàn. “Ilé ẹ̀yìn” ń sọ ibi tí ilé wà, ó tó bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni agbàlẹ̀dáko ṣe sàn ju àlejò lọ. Ó ń sọ àdéhùn, kò sọ orírun. Bí wọ́n bá ń kọ àpèjúwe oko kan ní Ìdèrè tàbí Ayétẹ̀, kí wọ́n kọ peregún tí ó jẹ́ ààlà, ìwọ̀n ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn tí àdéhùn fàyè gbà, ìṣákọ́lẹ̀ bí ó bá wà, àti orúkọ onílẹ̀ àti agbàlẹ̀dáko. Ìlú tí agbàlẹ̀dáko ti wá kò sí lára ohun tí ń mú ààlà dúró. Ẹni tí ó ṣòro ni ẹni kẹta: ọmọ-ọmọ agbàlẹ̀dáko, tí kò san ìṣákọ́lẹ̀ rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè rí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá a mu. Títí wọn yóò fi rí èyí tí ó bá a mu, kí wọ́n kọ orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n sì fi àyè tí ó kù sílẹ̀ lófìfo.