Ṣé lóòótọ́ ni háákà kan pa íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo Làìbéríà? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó dá ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lẹ́bi

Àhesọ: Lóṣù Kọkànlá ọdún 2016, háákà kan ṣoṣo pa íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo orílẹ̀-èdè Làìbéríà.

Àbájáde ìwádìí: Àsọdùn ni. Ìkọlù náà wáyé lóòótọ́, ilé ẹjọ́ sì ti dájọ́ fún ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan ni wọ́n dojú kọ, wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Làìbéríà kò sì dákú.

Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé

Ká ní West Point lẹ ń gbé, àdúgbò tó yọ sínú òkun Àtìláńtíìkì ní Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, tí odò Mesurado sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. Ẹ tan dátà láàárọ̀, WhatsApp ń yí lójú kan. Ẹ fẹ́ fi owó orí fóònù ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó ẹja fún yín, kò lọ. Ẹ̀yin á bú ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín. Aládùúgbò yín á ní ìjọba ló tì í pa. Ọ̀dọ́ kan tó gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà á ní àwọn háákà ti dé. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti di àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ń pín kiri.

Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti ṣẹlẹ̀ rí ní Làìbéríà, lásìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé a kì í dúró wo èyí tó jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí kí a tó pín in. Èyí tí ayé gbọ́ jù lọ nínú wọn ni ti ọdún 2016, òun náà sì ni wọ́n bù mọ́ jù.

Níbo ni àhesọ náà ti bẹ̀rẹ̀?

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Kevin Beaumont, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ síta pé òun rí ìkọlù ńlá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ Làìbéríà. Ìbẹ̀rù ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, irú ìkọlù kan náà ti kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tí Twitter, Netflix àti àwọn ìkànnì ńlá míì kò fi ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí àwọn oníròyìn ṣe gbọ́ ti Làìbéríà, wọ́n gbé e jáde pé gbogbo orílẹ̀-èdè náà ti kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbàgbọ́. Wáyà abẹ́ òkun kan ṣoṣo ni Làìbéríà ní nígbà náà. ACE ni wọ́n ń pè é, ó sì gba etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá láti ilẹ̀ Faransé. Ọdún 2011 ló gúnlẹ̀ sí Monrovia. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ìlú á tètè gbà pé ẹnìkan lè dí i.

Kí ni ìwádìí fi hàn?

Lọ́jọ́ kejì, Brian Krebs, akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà tó ń kọ̀wé lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, bi àwọn tó lè mọ̀ léèrè. Akamai àti Dyn, ilé-iṣẹ́ méjì tó máa ń wo bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń lọ káàkiri àgbáyé, sọ pé àwọn kò rí ohunkóhun tó fi hàn pé gbogbo Làìbéríà dákú. Ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó wáyà ACE ní Làìbéríà náà sọ pé wáyà náà kò dákú.

Àjọ NCA, tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀ tó jọ àhesọ náà ní ọdún 2019. Wọ́n ní lóṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìkọlù náà pọ̀ débi pé ó gé íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri Làìbéríà. Báwo la ṣe máa so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀? Lonestar Cell MTN ni wọ́n kọlù, ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù ní Làìbéríà, tó sì ní oníbàárà káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Bí ẹ bá wà ní West Point, tó jẹ́ síìmù Lonestar nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, íntánẹ́ẹ̀tì ti kú lójú tiyín. Ẹni tó ní síìmù ilé-iṣẹ́ kejì lè máa bá tirẹ̀ lọ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan bá dákú jákèjádò orílẹ̀-èdè, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ti orílẹ̀-èdè náà lódindi ti dákú.

Ta ló ṣe é?

Daniel Kaye ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. NCA ní ọdún 2015 ni ọ̀gá kan ní Cellcom, ilé-iṣẹ́ tó ń bá Lonestar du oníbàárà, gbà á síṣẹ́ láti máa kọlu Lonestar, tí wọ́n sì ń sanwó fún un lóṣooṣù. Owó iṣẹ́ ẹlòmíì ló kọ́kọ́ ń san láti fi ṣe ìkọlù náà. Nígbà tó di ọdún 2016, ó kó ohun ìjà tirẹ̀ jọ.

Wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Luton lóṣù Kejì ọdún 2017. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ Blackfriars Crown Court ní London rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Lonestar ní nǹkan bíi $600,000 ni àwọn ná láti fi tún nǹkan ṣe, àti pé oníbàárà tó sá lọ mú kí àwọn pàdánù ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Kaye nìkan ni wọ́n dájọ́ fún lọ́jọ́ náà. Bákan náà, Orange, tó ra Cellcom, kò tí ì rà á nígbà tí wọ́n gba Kaye síṣẹ́ ní ọdún 2015. Ọdún 2016 ló rà á, tí orúkọ rẹ̀ sì di Orange Liberia lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ tó sọ pé Orange ló gba háákà síṣẹ́ ní ọdún 2015, ẹ má pín in.

Báwo ni irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ ro ó bíi ìsọ̀ kan lọ́jà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ba ọjà onísọ̀ jẹ́, kò pọn dandan kó jalè níbẹ̀. Ó lè rán ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò fẹ́ ra nǹkan kan lọ síbẹ̀, kí gbogbo wọn máa béèrè iye tí wọ́n ń ta ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà tòótọ́ kò ní ríbi dúró, á sì yà sí ìsọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rọ ni Kaye lò dípò ènìyàn. Mirai ni wọ́n ń pe ohun tó fi kó wọn jọ, ó sì kọ́kọ́ gbòde ní ọdún 2016. Ó máa ń wá kámẹ́rà ààbò àti ráútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí olówó wọn kò yí páswọ́ọ̀dù tó bá a dé láti ilé-iṣẹ́ padà, á sì sọ wọ́n di ẹrú. Olówó kámẹ́rà náà kò ní mọ̀, kámẹ́rà á ṣì máa ya àwòrán.

Nígbà tí Kaye ń wá ẹrú púpọ̀ sí i lóṣù Kọkànlá ọdún 2016 kan náà, ó ba ráútà àwọn oníbàárà Deutsche Telekom ní Jámánì jẹ́. Nǹkan bí 900,000 oníbàárà ni íntánẹ́ẹ̀tì wọn dákú. Ó sọ fún ilé ẹjọ́ ní Cologne pé Jámánì kọ́ ni òun ń wá. Èrò òun ni láti kó ẹ̀rọ jọ fún iṣẹ́ Làìbéríà tí wọ́n ti sanwó rẹ̀. Wọ́n ń bára wọn du oníbàárà ní Monrovia, ará Jámánì ni kò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi máa sanwó fún èyí?

Ní ọdún 2016, Lonestar ra Novafone. Ló bá ku Lonestar àti Cellcom tí wọ́n jọ ń figagbága lórí ìpè àti dátà. Síìmù méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Làìbéríà ń lò, torí pé owó ìpè láàárín síìmù ilé-iṣẹ́ kan náà rọjú. Ẹni tó ti ní síìmù kejì lọ́wọ́ kò ní pẹ́ yí padà bí àkọ́kọ́ bá ń dà á láàmú. Ìyẹn ló mú kí dídákú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì di ohun tí ẹnìkan lè rà láti fi pa ọjà ẹlòmíì.

Ẹni tó ń jìyà rẹ̀ ni ẹni tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe kókó fún jù lọ. Ẹ rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Nítorí Ebola, ìjọba Làìbéríà ti West Point pa láti ọjọ́ 20 títí di ọjọ́ 30 oṣù náà. Àwọn oníròyìn fojú bu iye ènìyàn tó wà níbẹ̀ sí nǹkan bí 75,000. Kò sí àyè láti jáde lọ bá mọ̀lẹ́bí níta. Fóònù ló kù láti fi béèrè àlàáfíà ará ilé, nọ́ńbà tí wọ́n sì ní kí ará ìlú máa pè lórí Ebola ni 4455. Níbi tó bá rí báyìí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó dákú lè dí ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ pa.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tó fà á?

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín ló máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo, kì í sì í ṣe háákà nígbà gbogbo. Ẹ wo àwọn àmì wọ̀nyí.

1. Bí síìmù kan nìkan bá dákú, tí èkejì ń ṣiṣẹ́: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn tàbí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ tó wà ládùúgbò yín. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá dátà yín ti tán. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lo síìmù kan náà ní àdúgbò míì.

2. Bí gbogbo ilé-iṣẹ́ bá dákú, tí orílẹ̀-èdè mélòó kan sì ń ké bákan náà: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà abẹ́ òkun. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2018, wáyà ACE gé nítòsí Mauritania, ó sì kan Làìbéríà àti orílẹ̀-èdè míì lọ́nà yìí. Ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà náà á rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà ACE, MainOne, WACS àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, tí báńkì àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dojú rú láti Monrovia dé Èkó. MainOne ní ó jọ pé ilẹ̀ abẹ́ òkun tó yẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn.

3. Bí WhatsApp àti Facebook kò bá ṣí, tí àwọn ìkànnì míì ń ṣí: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣẹ ìjọba, pàápàá lọ́jọ́ ìwọ́de tàbí ìdìbò. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2019, nígbà tí àwọn ará ìlú ń ṣe ìwọ́de ní Monrovia, NetBlocks, àjọ tó ń ṣọ́ irú nǹkan báyìí, jẹ́rìí sí i pé wọ́n dí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́. Ìjọba Làìbéríà sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ ààbò ló fà á.

4. Bí WhatsApp, Facebook àti Instagram bá dákú káàkiri ayé lẹ́ẹ̀kan náà: Ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n ni kí ẹ wò. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ Facebook fúnra wọn ló pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Síìmù yín kò jẹ̀bi lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó pín àtẹ̀jíṣẹ́ náà

Ẹ lọ wo NetBlocks, Cloudflare Radar tàbí IODA. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì máa ń fi hàn bí íntánẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè kan bá lọ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣí wọn, ẹ ní kí ẹnìkan tó wà lókè òkun bá yín wò ó. Ẹ wo ojú ìwé ilé-iṣẹ́ yín gan-an, àti ti àjọ tó ń ṣàkóso wọn. LTA ni ti Làìbéríà, NCC ni ti Nàìjíríà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ní ilé-iṣẹ́ ń fún gbogbo ènìyàn ní dátà ọ̀fẹ́ láti fi bẹ̀bẹ̀, kí ẹ tẹ líǹkì kan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ fún yín ní dátà ti mọ nọ́ńbà yín, ara síìmù yín ló máa fi sí.

Bí ẹ bá ní kámẹ́rà ààbò tàbí ráútà nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí páswọ́ọ̀dù tó bá a dé padà lónìí. Kámẹ́rà tí ẹ rà láti fi ṣọ́ olè lè máa bá ẹlòmíì jà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Àkótán

Háákà kan kò pa íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo Làìbéríà ní ọdún 2016. Ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ kan ló sanwó kí wọ́n ba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé-iṣẹ́ kejì jẹ́, àwọn oníbàárà tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló sì jìyà rẹ̀. Òótọ́ yìí ṣe pàtàkì ju àsọdùn náà lọ, torí pé ó jẹ́ ká mọ ẹni tó yẹ ká bi léèrè: àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa, àti àjọ ìjọba tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn. Bí a bá ní ẹ̀mí àìrí kan ló pa gbogbo ìlú, kò sí ẹni tó máa dáhùn.