Igi Kì Í Bínú: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Iṣẹ́ Agégi ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Bí igi bá pa agégi nínú igbó Ìpèlé ní Ọ̀wọ̀ tàbí ti Ìfọ́n ní Ọ̀sẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ará ilé ni pé, "Ta ló ṣe é?" Wọn kì í bèèrè irú igi tó jẹ́, ibi tó tẹ̀ sí, tàbí bóyá ìtàkùn wà lórí rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá, àjẹ́ tàbí olúwéré, iwin inú ìrókò. Onígẹdú tó gbé iṣẹ́ fún olóògbé á mú owó ìsìnkú wá, á kí opó pẹ̀lẹ́, ó parí. Mi ò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Ikú tí ì bá má ṣẹlẹ̀ ló ń dùn mí, òun ló sì mú kí n fẹ́ yẹ àwọn ohun tí a ń sọ nípa iṣẹ́ yìí wò.

Irọ́: Ìrókò a máa bínú, a sì máa ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ohun tí ojú rí ló bí irọ́ yìí, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè kú. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì á máa jẹ ìrókò lọ geere, lójijì iná á ṣẹ́ yọ, eyín ṣéènì á ká kúrò. Wọ́n á ní olúwéré tó ń gbé inú rẹ̀ ti kọ̀. Òkúta ló wà níbẹ̀. Ìrókò máa ń fa èròjà kálísíọ̀mù láti inú ilẹ̀, bí ara rẹ̀ bá sì ní ihò tàbí ọgbẹ́, á máa kó o jọ síbẹ̀ títí yóò fi le gbagidi. Èròjà kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín ni. Igi á hù bo òkúta náà, ẹnikẹ́ni ò ní rí i lóde. Àmọ́ pákó tó yí i ká sábà máa ń dúdú ju ìyókù lọ, ẹni tó bá sì ti pẹ́ ní sọ́ọ̀mílì á mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni àwọ̀ yẹn.

Ara tó ń yúnni lẹ́yìn tí a gé ìrókò ńkọ́? Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ló ń ta awọ ara, òun náà ló ń fún àwọn mìíràn ní ikọ́ fée. Ti igi tí wọ́n ń pè ní mansonia tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: imú á máa ṣẹ̀jẹ̀, orí á máa fọ́. Láti ọdún 1995 ni ẹ̀ka tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá ti inú imú. Ìbòmú tó dára ni oògùn rẹ̀, kò sì wọ́n tó ẹran ètùtù.

Irọ́: Ẹni tó bá gbin ìrókò kò ní pẹ́ láyé.

Ìrókò ọ̀hún gan-an ni kì í pẹ́. Kòkòrò tín-ínrín kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma. Ẹyin rẹ̀ ló ń yé sí ọ̀mùnú ìrókò kékeré. Ọmọ tó pa á wọ inú ewé, ewé á wú kókó, kókó á bẹ́, á rà, orí igi náà á sì kú. Bí a bá gbin ìrókò púpọ̀ pọ̀ sójú kan nínú oòrùn, bí àsè ló rí fún kòkòrò yìí. Èyí tó hù ní òun nìkan lábẹ́ òjìji igbó ló máa ń yè. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ti bá kòkòrò yìí fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀kan nínú ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ jù nínú igi tí ìjọba gbìn fi jẹ́ mẹ̀lánà àti tíìkì, igi tí wọ́n kó wá láti Éṣíà. Ìrókò tí agégi bá ń gé ní Ọ̀sẹ̀ lónìí, kò sẹ́ni tó gbìn ín, agbára káká la sì fi ń rí ẹni tó ń gbin àrọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ní igbó wa kò lè tán, kí ó rántí pé láti 1976 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ìtì igi lódidi lọ sókè òkun, àti pé ní 2022 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò láti máa ṣọ́ òwò ọ̀ganwó àti apá ti Áfíríkà. A kì í fi òfin ṣọ́ ohun tí kò lè tán.

Kí n má ṣe ṣàṣejù o. Gbogbo èèwọ̀ kọ́ ni òfìfo. Ìtàn Òrónsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, ọba Ọ̀wọ̀ nígbà kan, sọ pé a kò gbọdọ̀ ju ẹrù igi sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n da èèwọ̀ rẹ̀ ni ó sá lọ sí Igbó Lájà. Igbó yẹn di ohun ọ̀wọ̀. Nínú rẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo ti wú àwọn ère amọ̀ ayé àtijọ́ jáde ní 1971, àwọn ère tó sọ orúkọ Ọ̀wọ̀ di mímọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ káàkiri ayé. Ọ̀wọ̀ tí a fún ibẹ̀ pa igbó mọ́. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ nù.

Irọ́: Ọ̀tá ló rán igi sí i.

Èyí ló ń pa ènìyàn jù, nítorí kì í jẹ́ kí ẹni tó kù kọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí igi ṣe ń ṣubú. Agégi á kọ́kọ́ gé ẹnu sí ìhà ibi tó fẹ́ kí igi dojú kọ, bí ìdá márùn-ún sí ìdá mẹ́ta fífẹ̀ igi náà. Lẹ́yìn náà ni yóò gé e láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gé e já. Ó gbọ́dọ̀ fi tẹ́ẹ́rẹ́ igi kan sílẹ̀ láàárín ọgbẹ́ méjèèjì, bí ìdá mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń di igi mú bó ṣe ń lọ sílẹ̀, tí kì í jẹ́ kó yí. Bí a bá ti gé e tán, igi bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn nìyẹn. Ibi tó wù ú ni yóò lọ. Igi tó ti tẹ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ tún ní ewu tirẹ̀: bí ẹnu tí a gé sí i bá kéré, ó lè là láti ìdí lọ sókè kí ọgbẹ́ ẹ̀yìn tó parí, kí ìlàjì rẹ̀ sì fò sẹ́yìn lu ẹni tó ń gé e. Ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á rí igi tó "yípadà sí olówó rẹ̀". Ta ni kò ní pè é ní àfọ̀ṣẹ?

Ìtàkùn ni olórí ìkà nínú igbó tiwa. Ó máa ń so orí igi mẹ́rin, márùn-ún pọ̀ lókè níbi tí ojú kò dé. A gé ọ̀kan, ó fa èkejì, ẹ̀ka òkú já láti ara ẹ̀kẹta, ó bọ́ lu ọmọ iṣẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ níbi tí kò fọkàn sí. Ìlànà FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, lórí gígé igi, tó jáde ní 1996, sọ pé kí a ti gé ìtàkùn sílẹ̀ ṣáájú kí ó lè gbẹ kí ọjọ́ gígé igi tó pé. Onígẹdú wo ló fẹ́ dúró dè é? Agbégilódò ti wà lójú ọ̀nà, awakọ̀ ń fọn fèrè.

Igi tó bá gbé lórí igi mìíràn tí kò délẹ̀ náà ti pa púpọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì gbọdọ̀ gé èyí tó gbé e dúró. Ẹni tí kò bá níṣẹ́ nídìí igi gbọ́dọ̀ jìnnà tó ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀. Ọ̀nà àsálà gbọ́dọ̀ ti wà ní ṣíṣán kí ayùn tó kan èèpo, kó sì gba ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ẹ̀yìn gan-an, nítorí ìdí igi máa ń tàdí sẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tí a ń ṣe bí ikú bá ti ọwọ́ ènìyàn wá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, lójú ọ̀nà bí Kábíyèsí ti ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Àwọn ènìyàn tó yìnbọn ni ìlú ní kí ọlọ́pàá wá. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Ikú agégi nìkan ni a kì í wádìí, tí a ń gbé fún iwin.

Irọ́: Inú ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà, igi kì í pa ọmọ agégi.

Ojú ni wọ́n ń jogún, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọmọ á gbé epo àti fáìlì tẹ̀ lé bàbá, á máa ṣán ìdí igi, á máa pọ́n eyín ṣéènì. Á mọ afàrà yàtọ̀ sí ìdígbó láti ara èèpo, á mọ igi tó ti jẹrà nínú bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn àdá gbá a. Lọ́jọ́ kan, á gbọ́ ìró kan nínú igi kí bàbá tó sọ̀rọ̀, á sì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ó sì yẹ kí a bu ọlá fún un.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀kọ́ ìdílé mọ wà. Àwọn bàbá ńlá so pẹpẹ yí igi ká, wọ́n dúró lókè gbòǹgbò tó yọ bí ogiri, wọ́n fi àáké gé e. Igi ńlá kan lè gba odidi ọjọ́. Àáké ń fún ènìyàn láyè láti gbọ́, láti wò, láti sá. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ń ṣe iṣẹ́ yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ariwo rẹ̀ sì bo ohùn igi mọ́lẹ̀. Ó ń kọjá 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ 85 ni àwọn onímọ̀ ní etí lè fara dà fún wákàtí mẹ́jọ. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá kan igi lójijì, á ta padà síhà ojú ẹni tó dì í mú kí ọwọ́ tó lè mira. Bíréèkì tó ń dá ṣéènì dúró ni ààbò, àmọ́ ẹ̀rọ mélòó nínú igbó ni bíréèkì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́? Gbígbọ̀n rẹ̀ ń pa ìka díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní mọ abẹ́rẹ́ lára. A ń ṣì í pè ní làkúrègbé. Bàbá tó fi àáké dàgbà kò lè kọ́ ọmọ ní ohun tí kò sí nígbà tirẹ̀. Akoto, ohun ìdí-etí, ìbojú, ṣòkòtò tí ṣéènì kò lè tètè gé àti bàtà líle ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, kọ sínú ìlànà rẹ̀ ní 1998. Sílípáàsì ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń wọ̀ wọgbó.

Irọ́: Agégi tí kò tọwọ́ bọ̀wé kò ní ẹ̀tọ́ kankan.

Orúkọ onígẹdú ló wà lórí ìwé àṣẹ, àmì hámà rẹ̀ ló wà lára ìtì igi pẹ̀lú ti ìjọba. Orúkọ agégi kò sí níbì kankan, ìdí nìyẹn tí òun fúnra rẹ̀ fi gbà pé òfin kò mọ òun. Òfin mọ̀ ọ́n. Òfin Nàìjíríà ti 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa sọ pé òṣìṣẹ́ ni ẹni tí a gbà síṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹnu lásán la fi ṣàdéhùn, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ìgbà díẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, ń bójú tó. Bí ènìyàn bá kú tàbí farapa, kí òun tàbí ará ilé rẹ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ìbéèrè fún owó náà kò sì gbọdọ̀ kọjá ọdún kan. Opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí olóògbé ń gbà lóṣù.

Nítorí náà, bí igi bá pa agégi, kí ẹnì kan padà sídìí igi náà kí wọ́n tó kó o. Kí ó fi fóònù ya kùkùté, ẹnu tí wọ́n gé, ìtàkùn tó já àti àmì hámà tó wà lára rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé opó lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.