Kábínẹ́ẹ̀tì kíṣìnnì tí ọ̀dà ẹ̀ ṣí ò tíì bàjẹ́ o! Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ní kí káfíńtà tú u

Bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí. Ìyàwó ilé á pe káfíńtà pé kó wá bá òun wo kábínẹ́ẹ̀tì kíṣìnnì, torí pé ilẹ̀kùn kan ti já, ọ̀dà ti ń ṣí, epo àti èéfín sì ti sọ gbogbo ẹ̀ di dúdú. Káfíńtà á ṣí ilẹ̀kùn kan, á pa á dé, á mi orí. "Mọ́mì, eléyìí ti lọ. Ẹ jẹ́ ká tú gbogbo ẹ̀ dànù, ká fi HDF tó ń dán ṣe òmíì fún yín, ìyẹn ló wà lóde báyìí." Kí màdáámù tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ń ka owó sílẹ̀.

Owó ọ̀hún kì í ṣe kékeré mọ́. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú pákó tó ń dán, hinges àti irin dúróà ti ń wá. Dọ́là kan ò tó 500 náírà ní báńkì kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, ọdún 2023. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà méjì ni kábínẹ́ẹ̀tì pín sí: àpótí tó dúró ti ògiri, àti ojú tí gbogbo èèyàn ń rí. Ojú ló máa ń kọ́kọ́ gbó, àpótí lè wà digbí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ọ̀gànwó, ìrókò tàbí pílíwúùdù gidi ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ wá rò ó wò: kéèyàn yọ ọ̀gànwó dànù, kó fi pákó tí wọ́n fi ẹ̀rún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ rọ́pò ẹ̀! Pákó yẹn, bí omi bá ti ráyè gba etí ẹ̀ wọlé, ńṣe ló máa wú, kò sì ní í sọ̀ mọ́. Tí káfíńtà bá ní òun á bá yín kó ti àtijọ́ dànù, ẹ bi í léèrè ibi tó ń kó o lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó ga ní 3, ó sì jìn wọlé ní 2. Ojú ẹ̀ lódindi jẹ́ 8 lọ́nà 3, ìyẹn 24. Pákó kan tí wọ́n ń tà lọ́jà, 8 sí 4, jẹ́ 32. Pákó kan ṣoṣo bo ojú, ó tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ṣe àpótí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn, pẹpẹ inú àti ìdábùú méjì, 80 nìyẹn. Pákó méjì àtààbọ̀ ló máa jẹ, ká má tíì sọ owó iṣẹ́.

Ibo lèèyàn wá ti máa mọ̀ bóyá àpótí ṣì dára? Abẹ́ síǹkì ni. Ibẹ̀ ni omi ń jò sí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un. Tí ọ̀bẹ bá wọlé gẹ́gẹ́ bíi pé inú búrẹ́dì ni, ibẹ̀ ti jẹrà. Ẹ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó-kó-kó. Tó bá dún bí agbè òfìfo, ikán ti wà níbẹ̀, ẹ tètè wá oògùn ikán. Tó bá jẹ́ abẹ́ síǹkì nìkan ló jẹrà, ẹ tún páìpù tó ń jò ṣe ná, kẹ́ ẹ pààrọ̀ pákó ibẹ̀ nìkan.

Tí igi bá ṣì le, ọ̀dà lásán lè tó o. Ẹ tú ilẹ̀kùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní í bá ojú ihò wọn mu mọ́. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ló kàn, torí ọ̀dà kì í di epo mú. Ibí yìí lọ̀pọ̀ káfíńtà àti oníkùn-ún máa ń sáré kọjá, òun ló fà á tí ọ̀dà fi ń bó lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ fi sáńdípépà ha á, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún, kẹ́ ẹ wá kun ọ̀dà gidi lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Fọ́míkà náà gba ọ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ha dídán ojú ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó kùn ún.

Ọ̀kan rèé tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà: òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ rẹ sáńdípépà sómi kẹ́ ẹ tó fi ha á, kí eruku má baà fẹ́, kẹ́ ẹ sì kó àwọn ọmọ kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ pa gáàsì àti sítóòfù pẹ̀lú, torí gọ́ọ̀mù àti tínà ń gbiná.

Ẹni tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ti wọ́ pátápátá lè ṣe tuntun, kó sì lẹ pílíwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí fọ́míkà mọ́ iwájú àpótí. Àwọn pákó yìí wà ní ọjà Amu ní Mushin. Tó bá jẹ́ MDF tàbí HDF lẹ mú, ẹ rí i pé wọ́n fi téèpù bo gbogbo etí ẹ̀, títí kan ti ìsàlẹ̀ tójú kì í tó. Ayálégbé ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún lánńdìlọ́ọ̀dù kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ má sì kánjú gbé ilẹ̀kùn padà, pàápàá lásìkò òjò. Ọ̀dà tó gbẹ lójú lè má tíì gbẹ nínú. Tẹ́ ẹ bá pa ilẹ̀kùn dé láìpẹ́ ọjọ́, ọ̀la tẹ́ ẹ bá ṣí i, ó máa bá ọ̀dà wá.