ÀLEJÒ NI ÀGBÒ TÍ A ṢẸ̀ṢẸ̀ RÀ

Ọ̀rọ̀ àgbò la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí pé bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, orí àgbò ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó ń lọ. Àwọn kan ń rà á láti fi ṣọdún, àwọn mìíràn ń rà á láti tà á lérè. Èyí tó wù kó jẹ́, bí àgbò bá kú, gbèsè kì í bá a kú. Bí oṣù bá parí, akápò á béèrè owó ẹgbẹ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní ìhà Ìgandò ra àgbò mẹ́ta nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́wàá. Inú rẹ̀ dùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló da àgbàdo kún ọpọ́n fún wọn, ó ní ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, kí wọ́n jẹun yó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, inú ọ̀kan ti wú bí ìlù, ó kú. Nígbà tó yá, èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikun ń dà nímú rẹ̀, òun náà lọ. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀ rárá. Oore alẹ́ ọjọ́ kìíní ló pa ti àkọ́kọ́; ìrìn àjò àti àrùn tó bá a wá láti ọjà ló pa èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tójú àgbò rí kó tó dé Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá. Láti Sókótó wá sí Èkó tó bíi 1,000 kìlómítà. Orí ìdúró ni ó wà nínú ọkọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un mọ́ra, kò rí omi mu dáadáa. Ó dé ọjà, ó tún bá ẹran ibòmíràn pàdé. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá dì í sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ilé yín. Bí ó bá ti rẹ ẹran tó báyìí, àrùn kékeré lè gbé e ṣubú.

Àwọn baba wa ti rí irú èyí lára ẹṣin. Ẹṣin wà nínú agbára ogun Ọ̀yọ́ Ilé, ìhà òkè ọ̀hún ni wọ́n sì ti ń rà wọ́n wá. Ó ń gbé ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú un wọ igbó kìjikìji, kì í pẹ́ tó fi ń kú, nítorí eṣinṣin tsetse tí ń mu ẹ̀jẹ̀, tó sì ń fi àrùn síni lára. Ẹṣin kò yí padà, ilẹ̀ ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbò Yánkásà, Ùdá àti Balami: ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n. Àgùntàn kúkúrú ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ilẹ̀ yìí ti mọ́ lára.

Kí ni ká ṣe? Lọ́jọ́ kìíní, òjìji, omi tó mọ́ àti koríko gbígbẹ ti tó o. Àgbò ńlá lè mu lítà 4 omi lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fún un ní àgbàdo, ẹ má da èèpo ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ṣàkì ní ọjà mọ bó ṣe tóbi tó: inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí wà, àwọn ló ń bá ẹran lọ oúnjẹ. Èyí tó mọ koríko kò tíì mọ àgbàdo. Bí ọkà bá pọ̀ lójijì, inú á kan, á wú, ẹran lè kú láàrin ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, díẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ máa fi oúnjẹ tuntun kún ti àtijọ́, fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ẹ bá mọ ohun tí ẹni tó tà á fún yín ń fún un jẹ, ẹ ra díẹ̀ bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó fara kan ewúrẹ́ àti àgùntàn tó ti wà nílé. Ọpọ́n omi wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sí kọ̀rọ̀ tí kò ti ní rí ẹnikẹ́ni. Ẹran ẹlẹ́gbẹ́ ni àgùntàn, ẹ̀rù àdánìkanwà ń dà á láàmú. Kí ó máa rí wọn lókèèrè.

Àrùn tí à ń sá fún jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní kata: ara gbígbóná, ikun lójú àti nímú, egbò lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru. Kì í ran ènìyàn. Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1942. Kòkòrò àrùn tí wọ́n mú lára ẹran ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n sì fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń lò káàkiri Áfíríkà àti Éṣíà títí dòní. Wọ́n ń ṣe é ní Vom, lẹ́bàá Jos. Àjẹsára ni o, kì í ṣe oògùn: ó gbọ́dọ̀ ṣáájú àrùn, ó sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó múlẹ̀ lára.

Ní ti ibùsùn, ní 2024 ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni Iléyá, ní 2025 ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Ìgbà òjò nìyẹn. Ẹ gbé pákó sílẹ̀ kí ó má sùn lórí ẹrọ̀fọ̀. Ẹ má so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Kí okùn má jẹ́ irú èyí tí ń fún ọrùn. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé kì í mọ́lẹ̀ láti bá àgbò mìíràn kàn.

Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbò tuntun tó fẹ̀yìn ti ògiri, tó dorí kodò, tí kò jẹ àpọ̀jẹ, kò lọ mú agbára kankan wá o: àìsàn ló ń ṣe é. Ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹ má gún un lábẹ́rẹ́ fúnra yín, nítorí oògùn mìíràn wà tó gbọ́dọ̀ jáde lára ẹran fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó pa á jẹ. Bí ó bá kú, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má tà á, ẹ má jù ú sí gọ́tà.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí sì mọ̀ pé ẹran tí àìsàn rẹ̀ hàn, tàbí tó ń tiro, tàbí tó fọ́jú kan, tàbí tó rù kan egungun, kò ṣeé fi ṣe ọdún. Àdánù méjì nìyẹn: owó lọ, ọdún ò ṣe.

Ìmọ̀ràn wa kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ má dúró di ọjọ́ mẹ́wàá sí ọdún. Ẹ tètè kọ̀wé ẹ̀yáwó, kí àgbò lè lo oṣù kan lọ́dọ̀ yín. Owó oúnjẹ oṣù kan kò tó owó àgbò kan. Ẹ jẹ́ kí àlejò sinmi kí ẹ tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Àṣeyí ṣàmọ́dún o.