Yemọja, Tigreal àti iṣẹ́ ẹni tó ń dá ọ̀tá dúró nínú géèmù ẹlẹ́ni márùn-ún

Lọ́dún 2019, ilé-iṣẹ́ Hi-Rez Studios ti ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà fi Yemọja kún àwọn òrìṣà tó ń jà nínú géèmù wọn tó ń jẹ́ SMITE. Yemọja kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ àwa ará Ìpínlẹ̀ Ògùn. Odò Ògùn tó gba Abẹ́òkúta kọjá, tí wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ, òun la mọ̀ sí odò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí àwọn tó ṣe géèmù náà gbé lé e lọ́wọ́. Wọn ò fi ṣe jagunjagun tó ń bẹ́ orí kiri. Ó ń wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sàn, ó ń mọ ògiri omi sójú ìjà kí ọ̀tá má baà ríbi gbà, agbára tó sì ń ná bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, Omi ni wọ́n pè é, gẹ́gẹ́ bá a ṣe ń pè é nílé. Ẹni tó bá ń lò ó bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò pa, àfàìmọ̀ kó má pàdánù.

Ohun tó kàn wá lónìí ni iṣẹ́ tí wọ́n fún Yemọja yìí, nítorí ó wà nínú gbogbo géèmù irú SMITE, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbá wọn lórí fóònù ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń pa èèyàn.

Báwo ni géèmù náà ṣe rí?

Ẹni márùn-ún dojú kọ ẹni márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ibùdó tó ń ṣọ́, ọ̀nà mẹ́ta ló so ibùdó méjèèjì pọ̀, ilé ìṣọ́ sì wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Igbó wà láàárín àwọn ọ̀nà náà, ẹranko wà nínú igbó, ẹni bá pa wọ́n rówó. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ wó ibùdó èkejì ló borí. League of Legends jáde ní 2009, Dota 2 ní 2013, SMITE ní 2014. Àwọn wọ̀nyẹn ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ géèmù. Mobile Legends: Bang Bang, tí ilé-iṣẹ́ Moonton ti Ṣáínà gbé jáde ní 2016, fóònù lásán ti tó o, ìdí nìyẹn tí mo fi máa fi í ṣe àpẹẹrẹ jù.

Àwọn akọni inú géèmù náà pín iṣẹ́ ṣe. Ọlọ́fà ń dúró lókèèrè ta ọ̀tá, ara rẹ̀ kò le. Apànìyàn ń fò wọlé láti pa ọlọ́fà yẹn, ó sì ń fò jáde. Ẹlòmíràn ara rẹ̀ le bí àpáta, ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dun ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó lè dá ẹni mẹ́ta dúró lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n má lè gbápá gbẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń gbá géèmù ń pe agbára yẹn ní CC. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, adánidúró ni màá máa pe akọni tó ní in.

Ẹ lọ sí oríta Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Benin, lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú. Òṣìṣẹ́ TRACE, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kan ṣoṣo tó dúró sáàárín títì kò lè ti tírélà. Ọwọ́ ló gbé sókè. Tírélà dúró, ogún mọ́tò kọjá. Bó bá gbé ọwọ́ ọ̀hún sókè nígbà tí kò sí mọ́tò kankan tó fẹ́ kọjá, ó kàn dá tírélà dúró lásán ni, dẹ́rẹ́bà á sì máa bínú. Iṣẹ́ adánidúró kò ju ìyẹn lọ: ìgbà tó gbé ọwọ́ sókè, àti ẹni tó gbé e sí.

Ìdádúró kì í ṣe oríṣi kan

Oríṣiríṣi ni, ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn á máa fi agbára ṣòfò. Èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tá, ó ń rìn bí ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀. Òmíràn so ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Òmíràn gba idán lọ́wọ́ ọ̀tá, ẹsẹ̀ àti ọfà rẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí. Èyí tí wọ́n ń pè ní stun dá ohun gbogbo dúró, ẹsẹ̀, ọwọ́ àti idán. Àwọn kan ń sọ ọ̀tá sókè sínú afẹ́fẹ́, àwọn kan ń fi ìkọ́ fà á wá.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rí lójú ìjà. Bí ẹ bá so ẹsẹ̀ ọlọ́fà mọ́lẹ̀ nígbà tó ti wà níbi tí ọfà rẹ̀ ti lè bá ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ ò ṣe nǹkan kan, torí kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gba idán lọ́wọ́ ọlọ́fà kan náà, kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ọfà rẹ̀ kì í ṣe idán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá so ẹsẹ̀ apànìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò wọlé mọ́lẹ̀, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, torí pé ọ̀nà àbájáde ni gbogbo ìgboyà rẹ̀. Khufra inú Mobile Legends dára gan-an fún èyí: nígbà tó bá ń fò tò-tò-tò bíi bọ́ọ̀lù, ọ̀tá tó bá fẹ́ sáré gba ara rẹ̀ kọjá yóò kọ lù ú, yóò sì dúró.

Àwọn tó ń ṣe géèmù sì ti pèsè oògùn fún ọ̀tá pẹ̀lú. Nínú Mobile Legends, bàtà Tough Boots ń dín àkókò ìdádúró kù, idán Purify sì ń tú ẹni tí wọ́n dá dúró sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú Dota 2, Black King Bar wà, tí ọ̀pọ̀ idán kì í ràn fún ìgbà díẹ̀ lára ẹni tó bá lò ó. SMITE ní tiẹ̀ ti kọ oògùn náà mọ́ òfin géèmù: bí ìdádúró líle bá tẹ̀ léra lórí ẹnì kan ṣoṣo, èyí tó bá tẹ̀ lé e ń kúrú sí i. Àmọ́ oògùn kan ò wo gbogbo àrùn. Bí Franco inú Mobile Legends bá fi agbára Bloody Hunt di ọ̀tá mú, Purify kò lè tú u. Nítorí náà, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ohun tí ọlọ́fà ọ̀tá rà àti idán tó mú wá. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló ń ṣe èyí, ó sì jẹ́ ohun tí a lè fi ojú wò ní ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Ìṣirò kékeré kan

Ìdádúró kì í pẹ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Ká ní ẹ̀yin àti ẹlẹgbẹ́ yín kan ní stun tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ náà ni ọ̀tá yóò fi dúró, torí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí àkókò kan náà. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá tẹ tirẹ̀, tí ẹ ní sùúrù títí yóò fi kù díẹ̀ kó tán, kí ẹ tó tẹ tiyín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ọlọ́fà tiyín kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ láti pa ènìyàn.

Ó rọrùn lẹ́nu. Nígbà tí iná bá ń kọ lójú fóònù, tí ẹni mẹ́wàá dà gìrọ́gìrọ́, ohun tí ọwọ́ ń fẹ́ ni kó tẹ gbogbo ohun tó bá rí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà láàárín adánidúró gidi àti ẹni tó kàn mú akọni yẹn nítorí pé àwọn yòókù ti mú èyí tó wù wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo Tigreal

Tigreal jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọni tó ti pẹ́ jù nínú Mobile Legends, kò sì le láti kọ́. Agbára àkọ́kọ́, Attack Wave, ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tá. Ìkejì, Sacred Hammer, ń jẹ́ kó fi asà ti ọ̀tá lọ síwájú, bó bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ń gbá wọn sókè. Èyí tó ga jù, Implosion, ń fa gbogbo ẹni tó yí i ká wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń dá wọn dúró.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á sáré láti ọ̀nà jíjìn wá. Gbogbo ọ̀tá rí i, wọ́n túká, Implosion mú ẹnì kan tàbí kò mú ẹnikẹ́ni, ó di ìgbà tó bá tún kún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fara pamọ́ sínú koríko, níbi tí ọ̀tá kò ti lè rí i. Ó mọ̀ pé nígbà tí ẹranko ńlá tí wọ́n ń pè ní Lord bá jáde, ẹgbẹ́ òdìkejì gbọ́dọ̀ kó ara wọn jọ síbì kan láti pa á. Ó ń dúró. Wọ́n kó jọ. Ó lo Flicker, idán tó ń gbé èèyàn fò díẹ̀ lójijì, ó já sáàárín wọn, Implosion. Ẹni mẹ́rin wà lójú kan. Lẹ́yìn náà ló wá fi Sacred Hammer tì wọ́n, kì í ṣe sí ibikíbi, bí kò ṣe síhà ibi tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ wà.

Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ jù ni pé ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀. Ọlọ́fà wà nínú igbó lọ́hùn-ún, ó ń pa ẹranko, ó fẹ́ rówó ra ọrun tuntun. Tigreal ti dá ẹni mẹ́rin dúró, kò sí ẹni tí yóò pa wọ́n, àkókò pé, wọ́n tú u ká. Lẹ́yìn náà ni èébú á bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ kékeré tó wà ní igun fóònù kí ẹ tó wọlé. Bí ẹlẹgbẹ́ yín méjì kò bá sí nítòsí, ẹ má wọlé.

Iṣẹ́ kejì tún wà tí kì í hàn. Ìgbà mìíràn, ọ̀dọ̀ ọlọ́fà tiyín ló yẹ kẹ́ ẹ dúró sí, kí ẹ fi gbogbo agbára yín pa mọ́ de apànìyàn tó ń bọ̀ wá fò lé e lórí. Bí ìjà bá parí, ojúewé èsì yóò kọ iye ẹni tí olúkúlùkù pa. Tiyín lè jẹ́ òdo. Ẹ̀yin àti ọlọ́fà yín ló mọ̀ pé ìgbà mẹ́ta ni wọ́n wá a wá, tí wọn ò rí i pa.

Ìmọ́lẹ̀ inú okùn àti ẹni tó wà ní Ṣágámù

Gbogbo ohun tí mo ti sọ gbára lé àkókò, àkókò sì ni ohun tí nẹ́tíwọ̀kì ń jí lọ́wọ́ wa. Ká ní ẹ̀rọ tó ń darí ìdíje yín wà ní Yúróòpù. Okùn MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gba abẹ́ òkun láti Èkó dé Potogí, gígùn rẹ̀ tó 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ìròyìn nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ ń sáré tó 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó yára, ṣùgbọ́n àlọ nìkan á gba mìlísẹ́kọ́ǹdì 35, àlọ àti àbọ̀ á gba 70. Ẹ fi ìrìn fóònù dé òpó, òpó dé Èkó, àti ibùdó òkè òkun dé ibi tí ẹ̀rọ náà wà kún un, ẹ ti lé ní 100. Àwa ènìyàn fúnra wa, láti ìgbà tí ojú bá rí nǹkan sí ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ bọ́tìnnì, ń lo bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì 200 sí 250. Kò sí bí ẹ ṣe lè sáré tó, ibi tí ọ̀tá wà lójú fóònù yín, ó ti kúrò níbẹ̀ kí àṣẹ yín tó dé.

Nígbà tí nǹkan bá tún bàjẹ́, kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Lọ́jọ́ tí okùn bá wà pé, àkókò tí àṣẹ yín ń lò lọ́nà yìí ń kan irú akọni tó yẹ kéèyàn mú. Ìkọ́ Franco tín-ín-rín, ó ń rìn ní ìlà gbọọrọ, ó gbọ́dọ̀ bá ọ̀tá gan-an. Pudge inú Dota 2 àti Blitzcrank inú League of Legends ní irú ìkọ́ kan náà. Wọ́n dùn ún wò nínú fídíò, èèyàn á fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdádúró tó gba àyè gbòòrò kò bìkítà bí ọ̀tá bá ti ṣí díẹ̀: Implosion ti Tigreal, àti Fatal Links ti Atlas inú Mobile Legends, tó ń fi ẹ̀wọ̀n so gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà ping, ìyẹn iye mìlísẹ́kọ́ǹdì tí àlọ àti àbọ̀ ń gbà, tí géèmù ń fi hàn lójú fóònù kí ẹ tó yan akọni. Bó bá wà lábẹ́ 60, ẹ mú ẹni tó bá wù yín. Bó bá ti kọjá 120, tí ẹ wà nínú yàrá ní Ìlíṣàn tí nẹ́tíwọ̀kì sì ń ṣe ségesège, ẹ fi ìkọ́ Franco sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ẹ mú Tigreal.