Ogún Bàbá Di Ìjà: Kí Ni Òfin Fún Opó àti Àwọn Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ gbọ́ nínú ìjọ, nítorí bí a bá ti dárúkọ ikú báyìí, àwọn kan á ti máa sọ pé, "Mo kọ̀ ọ́ ní orúkọ Jésù!" Àwa náà kò bẹ ikú fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run tó fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé Hesekáyà ọba, ohun tí wòlíì Aísáyà kọ́kọ́ jẹ́ níṣẹ́ fún un ni pé kí ó ṣètò ilé rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Baálé ilé kú. Yèèpẹ̀ orí ibojì kò tíì gbẹ, àbúrò olóògbé ti jókòó sí pálọ̀. "Ìyàwó wa, kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá. Kó ìwé ilẹ̀ náà wá. Àwa la ni ọmọ wa." Obìnrin á kúnlẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, owó iléèwé àwọn ọmọ ńkọ́?" Wọn á ní kí ó dákẹ́. Bí ó bá sáré lọ sí báńkì, báńkì á ní kí ó lọ mú ìwé wá láti kóòtù. A ó wá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ààwẹ̀ dára o, a kò ní kí ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ń gbààwẹ̀ mọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ òfin.

Bí olóògbé kò bá kọ wíìlì, ohun àkọ́kọ́ tí òfin máa wò ni irú ìgbéyàwó tí ó ṣe. Bí ó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, tí àwọn ẹbí pàdé, tí wọ́n gba ìdána, tí wọ́n sì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, àṣà Yorùbá ni yóò pín ogún náà. Nínú àṣà wa, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń bá lọ. Ìyàwó kò jogún ọkọ rẹ̀. Kóòtù tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ bẹ́ẹ̀ ní 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, wọ́n sì tún dúró lórí rẹ̀ ní 1997 nínú ẹjọ́ àwọn Akinnubi. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ̀yin ìyá wa gbọ́ ọ lẹ́nu wa ju kí ẹ lọ gbọ́ ọ ní kóòtù.

Àwọn ọmọ ni ó ni ogún. Ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé nítorí pé ó ti wọ ilé ọkọ, kò ní ìpín mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà láti ayé Mósè, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin Sélóféhádì márùn-ún dúró níwájú gbogbo ìjọ tí wọ́n sì béèrè ogún bàbá wọn, tí Olúwa sì dá wọn láre (Númérì 27). Àwọn ẹ̀yà kan ní ilẹ̀ wa tí kì í fún ọmọbìnrin tẹ́lẹ̀, kóòtù tó ga jù lọ ti dá wọn lẹ́kun ní 2014 nínú ẹjọ́ àwọn Ukeje. Àbúrò olóògbé tí ó jókòó sí pálọ̀ ńkọ́? Níwọ̀n ìgbà tí olóògbé ti bí ọmọ, bọ̀ọ̀dá kò ní ìpín kankan níbẹ̀.

Báwo ni wọn yóò ṣe pín in bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ? Ìdí-igi ni tàbí orí-ò-jorí? Ìdí-igi ni pé kí a ka iye ìyá, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, ì báà ṣe ọmọ kan ni ó bí tàbí márùn-ún. Orí-ò-jorí ni pé kí gbogbo ọmọ gba dọ́gbadọ́gba. Ẹjọ́ Suberu Dawodu ti Èkó ni àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí. Ìyàwó 4 ni ó ní, ọmọ 9 ni ó sì fi sílẹ̀. Kóòtù àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí, nítorí lójú wọn ìdí-igi kò bá ayé òde òní mu mọ́. Nígbà tí ó di 1958, kóòtù tó ga ju tiwọn lọ yí i padà, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé bí àríyànjiyàn bá wà, olórí ẹbí lè pinnu pé kí a pín in lórí-ò-jorí. Ẹjọ́ náà dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i níbẹ̀ ní 1962. Ní tiwa, a rò pé bàbá tí ó ní ilé méjì tí kò sì kọ wíìlì ti fi ìjà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọmọ tí bàbá bí síta tún wà. Àwọn ìyá ìjọ kan kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipò tí a bí ènìyàn sí dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọmọ tí bàbá gbà pé òun ni òun bí, ọmọ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ bàbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ.

Bí tọkọtaya bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, òfin fún opó ní àwọn ohun èlò inú ilé, ó tún fún un ní ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó kù, àwọn ọmọ sì gba ìdá méjì. Àṣà kò lè gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín. Aṣọ funfun àti kéèkì kọ́ ni òfin ń wò. A gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ́jísírà, kí ọjọ́ 21 pé, kí ó fún yín ní ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì ṣe ìgbéyàwó náà láàrin oṣù mẹ́ta, nínú ilé ìsìn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Ìbùkún orí pẹpẹ nìkan, láìsí ìwé wọ̀nyí, ìbùkún ni, ṣùgbọ́n lójú kóòtù, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni ẹ ṣì wà. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ béèrè ìwé náà kí ẹ tó pè wọ́n síwájú.

Ní ti owó báńkì, ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tí olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù ni owó di tirẹ̀. Rárá o. Ẹni tí wọn yóò ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Bí kò bá sí wíìlì, ọ́fíìsì Probate ti kóòtù gíga ìpínlẹ̀ ni a ó ti gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún náà. Wọn yóò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí i lè kọ ìwé ìdènà sí kóòtù. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ta ọkọ̀ tàbí gba owó ilé kí ìwé yìí tó jáde, bọ̀ọ̀dá pàápàá kò ní i. Àwọn tí wọ́n bá sì fún ní ìwé náà ti búra. Olùjogún kọ̀ọ̀kan lè ní kí wọ́n wá ṣírò ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, kóòtù sì lè yọ aláìṣòótọ́ kúrò.

Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ lábẹ́ àṣà ti di ilé ẹbí. Olórí ẹbí kò lè dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Bí ọmọ kan bá sì lọ tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ béèrè iye ọmọ tí bàbá bí kí ẹ tó san owó.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kọ wíìlì. Ẹ̀yin aya pẹ̀lú. Kò gbé ikú wá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkọ sílẹ̀, kí o fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Má ṣe fi ẹni tí o fún ní nǹkan ṣe ẹlẹ́rìí, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, nítorí ẹ̀bùn náà yóò já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí ó jẹ́ ti ẹbí kò ṣeé fi tọrẹ nínú wíìlì. Bí o bá sì kọ ọ́ kí o tó ṣe ìgbéyàwó òfin, ìgbéyàwó náà ti pa á rẹ́, àfi kí o kọ òmíràn. Gbé e lọ sí ọ́fíìsì Probate kí wọ́n bá ọ tọ́jú rẹ̀, gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn, kí o sì sọ ibi tí ó wà fún ìyàwó rẹ.