Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́: kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí nígbà gbogbo

Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Tí ẹ bá yàgbẹ́ tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe? Mo ṣáà mọ̀: ẹ ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ ó ra àgbo, ẹ ó padà sídìí ọjà. Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí ló sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ẹ ò sì lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀.

Nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àrùn àgbàlagbà ni wọ́n pè é fún wa. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní Amẹ́ríkà, iye ọ̀dọ́ tó ń ní in ń pọ̀ sí i débi pé ní 2021, wọ́n ní kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 45 dípò 50. Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù Black Panther táwọn ọmọ yín mọ̀, ọmọ ọdún 43 ni nígbà tí àrùn yìí pa á ní 2020. Ẹ má sì pè é ní àrùn òyìnbó o: ní Nàìjíríà, àwọn dókítà ń rí i lára àwọn tí kò tíì pé 50, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí ó ti wọ ara.

Kò sí ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n rí. Ọtí, sìgá, ara sísan jù àti sọ́sééjì wà lára ohun tó ń dá kún un. (Sódábì náà, ọtí ni.) Ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ń ran ìfun lọ́wọ́. Tí ìyá, bàbá tàbí ọmọ ìyá yín bá ti ní in, ẹ sọ fún dókítà.

Kókó kékeré nínú ìfun ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di jẹjẹrẹ. Tí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè gé e kúrò.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ yín yí padà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, tí ó sì ń rẹ̀ yín ṣáá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Atakpamé. Ẹ sọ fún dókítà pé kó fi ìka wò yín nídìí. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì gba ẹ̀rọ kankan. Ojú máa ń tini, èmi náà ti dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìka ò lè dé ibi gbogbo, nítorí náà, tí ó bá ní kí ẹ lọ yẹ inú ìfun wò, ẹ lọ. Tí ó bá sì fún yín lóògùn jẹ̀díjẹ̀dí, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ẹ padà lọ bá a.